Orí Kẹsàn-án: Ìdákẹ́jẹ́ Tí Wọ́n Gé Dànù

Ẹnu-ọ̀nà gbọ̀ngàn kò jẹ́ kí n wọlé. Ó ní irin wà lára mi.

"Abẹ́rẹ́ ni," mo wí. "Abẹ́rẹ́ tí mo fi ń tún àwọ̀n ìrì ṣe."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo irin sínú tíréè," ni ẹnu-ọ̀nà náà wí, pẹ̀lú ohùn ọmọge tó mọ́ gaara. "Gbọ̀ngàn Àlàáfíà Gíwá Ìyùnadé nìyí. A dúpẹ́ pé ẹ fẹ́ràn àlàáfíà."

Mo yọ abẹ́rẹ́ lára gèlè mi, mo jù ú sínú tíréè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìpàdó kan tó wà níwájú mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé èyí lẹ fẹ́ fi jagun?"

"Tìẹ ńkọ́? Iṣu lo fẹ́ wá gé níbí?"

Ọ̀bẹ tó fi sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀bẹ iṣu. Mo wo inú tíréè náà dáadáa. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ọ̀bẹ. Láti ìgbà tí mo ti ń wá síbi ìjókòó ìlàjà yìí, kọ́kọ́rọ́ àti abẹ́rẹ́ tèmi nìkan ni mo máa ń rí nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíréè náà, ife tánganran ìyá mi sì wà lórí rẹ̀, eruku ti bò ó. Mo gbé ọrùn ọwọ́ mi sún mọ́ ẹ̀rọ náà kí ó lè rí ẹ̀gbà tó ń ka omi mi. Omi díẹ̀ yọ, mo fi ṣan ife náà. Ìlà aláwọ̀ aró ara ẹ̀gbà mi kúrú sí i.

"Omi yín ti òní kù ife méjì," ni ẹ̀rọ náà wí.

"Ẹ tún ń fi omi ṣòfò, Àǹtí Fẹ́hìntọlá." Sówándé ni, Rẹ́jísírà yunifásítì. Ó ti ń dúró dè mí nínú agbádá funfun tó máa ń wọ̀ fún ìjókòó. "Ẹ ti pẹ́ jù. Oòrùn ti ń lọ. Àwo wà níbí. Ẹ kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé e, ó parí."

Ó na àwo díńgí kan sí mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú láàárín rẹ̀. Àwo yẹn mọ ẹ̀jẹ̀. Lórí ilẹ̀ ayé, kò sí ẹlòmíì tó lè gbé ọwọ́ lé e tí yóò jẹ́ ohun kan.

Òfin ni. Ohùn òkú tó wà nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kọjá ọdún mẹ́wàá àyàfi tí ọmọ tó bí bá gbà. Wọ́n ṣe òfin náà nígbà tí àwọn olóṣèlú tó ti kú ń wọlé ìbò lé àwọn tó wà láàyè lórí. Inú mi dùn sí i nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé yóò kan ilé wa. Ọdún mẹ́wàá tí ìyá mi kú pé lónìí. Bí oòrùn bá wọ̀ láìsí àtẹ́lẹwọ́ mi lórí àwo yẹn, ohùn rẹ̀ yóò pa rẹ́, kò sì ní sí ibì kankan mọ́ tí ènìyàn ti lè gbọ́ ọ.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ẹjọ́ ná," mo wí.

"Àǹtí, ẹ̀ ń dẹ́rù bà mí."

"Ẹ̀rù ti ń ba èmi náà láti àárọ̀."

*

Gbogbo ọmọ tó bá ń lọ sílé ìwé ló lè ka ìtàn ìyá mi lórí. Odò gbẹ. Òkè-Ọ̀sán wà lókè, níbi tí kùrukùru ti ń bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n na àwọ̀n sókè, àwọ̀n ń gba ìrì, ìrì ń di omi. Ìpàdó wà nísàlẹ̀, níbi tí odò wà tẹ́lẹ̀; wọn kò ní nǹkan kan mọ́. Ìlú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí pa ara wọn. Yunifásítì wà láàárín wọn, ìyá mi sì ni Gíwá. Ìjọba ní kó ti géètì. Kò tì í. Ó ní kí gbogbo ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọlé. Ibẹ̀ ni àlàáfíà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nìyẹn, òótọ́ sì ni. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó yà gbàgà bí ẹni tó ń wàásù.

Ìyá mi kì í ya ẹnu. Orógbó ló máa ń jẹ. Bí àwọn ìlú méjèèjì bá ti dé, yóò jókòó, yóò ha èèpo orógbó, yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní kékeré torí pé kò sí ẹni tí yóò tọ́jú mi nílé. Àwọn àgbàlagbà á bú ara wọn títí yóò fi sú wọn. Wọ́n á wá dákẹ́. Nígbà tí wọ́n bá dákẹ́ ni yóò yíjú sí ẹni tó fẹ̀sùn kan ẹnìkejì rẹ̀, yóò wí pé: "Bu omi fún un."

Ó parí. Ẹni tó mú ẹ̀sùn wá ni yóò dìde, tí yóò fi ẹ̀gbà tirẹ̀ gba omi tirẹ̀, tí yóò gbé e fún ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bí a sì ṣe ń ṣe nílé wa, ẹni tó bá bu omi fún ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án, kí ẹnìkejì lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Àwọn mìíràn jókòó síbẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lè dìde. Ìyá mi kò lé wọn, kò bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ti mu omi tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í pọ̀, àmọ́ ó máa ń dùn, nítorí pé ìjà ti tán kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbà sílẹ̀, òun ni wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mi ò sọ pé ìyá dáadáa ni. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ tí mo ní àwọ̀n ni mo fẹ́ máa rán, orógbó náà ló jẹ fún mi. Ọdún kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó kú kí a tó parí ọ̀rọ̀ náà.

*

Nínú gbọ̀ngàn, Òkè-Ọ̀sán jókòó sọ́tùn-ún, Ìpàdó jókòó sósì. Àga ìyá mi wà láàárín, wọ́n sì gbé àpótí dúdú kan ka orí rẹ̀, kò tóbi ju agolo bisikíìtì lọ. Àwọn ènìyàn máa ń pè é ní Màmá Inú Àpótí. Bí mo ṣe wọlé ló gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Fẹ́hìntọlá, Àṣàbí mi. Ṣé dáadáa lo dé?"

Ohùn rẹ̀ ni, gẹ́lẹ́. Ìyá mi kì í pè mí ní Àṣàbí lójú ènìyàn. Ẹ̀rọ ń pè mí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé, mo sì ń wá torí ẹ̀.

"Dáadáa ni, Mà," mo wí, mo sì jókòó.

Ẹjọ́ náà kò gùn. Ládéjọbí, ará Ìpàdó, gun òkè ní ìdájí, ó gé okùn àwọ̀n kan kí ìrì lè ṣàn sọ́dọ̀ wọn nísàlẹ̀. Gbọ́láhàn, ọmọ Ọ̀ṣúntúyì ará Òkè-Ọ̀sán, wà lórí òpó ní apá kejì, ó ń tún ìdè ṣe. Kò sí ẹni tó rí ẹnìkejì nínú kùrukùru. Òpó wó. Gbọ́láhàn kò dìde mọ́.

Èmi ni mo rán àwọ̀n yẹn. Gbọ́láhàn ló máa ń bá mi di òkè rẹ̀.

Ládéjọbí dúró, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún, àmọ́ ó ti rí bí arúgbó. "Mi ò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀," ó wí. "Ọmọ mi ń ṣàìsàn. Ẹ̀gbà wa ti tán."

"Olè!" ni ẹnìkan kígbe lápá ọ̀tún.

"Ahun!" ni ẹnìkan dáhùn lápá òsì. "Ẹ̀ ń fi ìrì wẹ ajá!"

"Ajá wa mọ́ jù yín lọ!"

Ọ̀ṣúntúyì, bàbá òkú, kò pariwo. Ó jókòó síwájú pátápátá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Ohùn ìyá mi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, àlàáfíà dà bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tí ń tàn sórí òkè àti àfonífojì láìyan ẹnìkan láàyò..."

Mo rí àwọn ọ̀dọ́ ní apá méjèèjì tí ètè wọn ń mì. Wọ́n ń kà á tẹ̀lé e. Wọ́n ti há a sórí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan fi ìgúnpá gún ẹnìkejì rẹ̀: "Ó kù díẹ̀ kó dé ibi òdòdó." Ó dé ibi òdòdó lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó dé ibi afárá, ó dé ibi pé ìyá kan náà ló bí gbogbo wa. Ó ní kí Ládéjọbí bẹ̀bẹ̀, kí Ọ̀ṣúntúyì dárí jì í. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ọ̀ṣúntúyì náà pàtẹ́wọ́. Ó dìde. "Ọ̀rọ̀ dáadáa ni," ó wí. "Mo ti gbọ́. Mo ti dárí jì í. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Sówándé tẹ̀ sí etí mi. "Ṣé ẹ rí i? Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ wo ojú rẹ̀."

Ojú Ọ̀ṣúntúyì kò sí lára Ládéjọbí. Ẹnu-ọ̀nà ló ń wò, níbi tí tíréè wà. Àwọn ọkùnrin tó yí i ká ti ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò wo ara wọn, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Mo ń bá àwọn ará Òkè-Ọ̀sán ṣiṣẹ́, mo mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ń bínú, wọ́n á bá ọ jiyàn títí di alẹ́. Ẹni tó bá tètè gbà láàárín wọn ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣúntúyì," mo wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó díẹ̀. Mi ò tíì gbé ọwọ́ lé àwo."

Ó jókòó torí pé ọmọ Gíwá ni mí. Àwọn yòókù náà jókòó.

Mo yíjú sí Morónfólú. Òun ni ẹnjiníà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, ọmọbìnrin tó já fáfá, ó ti wà pẹ̀lú àwọn tó kó ohùn náà jọ. "Ìgbà tí ìyá mi kì í sọ̀rọ̀," mo bi í, "ibo lẹ fi í sí?"

"Ẹ forí jì mí, Mà?"

"Kí ó tó sọ̀rọ̀, ó máa ń dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ibo ló wà nínú àpótí yìí?"

Ó ronú. Kò purọ́ fún mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún un. "A gé e kúrò, Mà. Ẹ̀rọ kì í rí nǹkan kọ́ lára ìdákẹ́jẹ́. Atẹ́gùn lásán ló wà níbẹ̀, àti ìró kan báyìí, kà-kà-kà. A rò pé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ló bàjẹ́. A fọ̀ ọ́ mọ́."

"Orógbó ni."

"Mà?"

"Orógbó ló ń jẹ."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo bá àpótí sọ̀rọ̀. "Ìyá mi, ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún wa."

Ó dákẹ́. Mo mí lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ mí lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìdákẹ́jẹ́, ọmọ mi, ni èdè tí ọkàn fi ń bá ọkàn sọ̀rọ̀," ni ohùn náà wí. "Nínú ìdákẹ́jẹ́ ni irúgbìn àlàáfíà ti ń hù. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ pàtàkì mú ìdákẹ́jẹ́, nítorí pé..."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń sọ ọ́ lọ, pẹ̀lú ohùn ìyá tó bí mi.

Sówándé gbé àwo sórí itan mi. Kò kígbe. Ènìyàn dáadáa ni, èyí ló sì jẹ́ kó ṣòro. "Àǹtí, ẹ gbọ́. Ọdún mẹ́wàá ni a kò fi sin ẹnikẹ́ni nítorí ìjà omi. Àbúrò mi méjèèjì kú nínú ti ìṣáájú. Mi ò bìkítà bóyá ó ń sọ̀rọ̀ jù. Àwọn ènìyàn ń wá jókòó síbí torí ohùn yìí. Bí ó bá lọ, kí ni yóò mú wọn wá?"

"Àwọn tó mu omi ìyá mi ni kò jagun," mo wí. "Wọ́n ti ń kú tán. Ẹ wo àwọn tó wà nílẹ̀ yìí. Mélòó nínú wọn ló mu ún?"

"Ẹ̀ ń ro èyí ni. Ẹ kò mọ̀ ọ́n."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Bí wọ́n bá jagun lọ́la, ọrùn yín ló máa wà."

"Mo mọ ìyẹn."

Mo gbé àwo náà kúrò lórí itan mi, mo gbé e sílẹ̀, mo sì jókòó lé ọwọ́ ara mi. Mi ò fọkàn tán ọwọ́ náà. Bí àpótí yẹn bá tún pe Àṣàbí, mi ò mọ ohun tí ọwọ́ náà lè ṣe.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣúntúyì," mo wí. "Ẹ̀yin lẹ fẹ̀sùn kàn án. Ẹ bu omi fún un."

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. "Omi tèmi?"

"Tiyín."

"Fún ẹni tó pa ọmọ mi?" Ohùn rẹ̀ là. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà. "Ṣé orí yín dà rú ni, Ìyáàfin? Torí omi yẹn ló ṣe pa á! Ẹ ní kí n tún gbé e fún un? Kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e fún un?"

Gbọ̀ngàn dàrú. Ọ̀tún ń bú mi, òsì ń bú ọ̀tún. Ìyá àgbà kan dìde láàárín àwọn ará Òkè-Ọ̀sán, Ìyá Àkànbí, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Ẹ pa ẹnu dé! Bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe é. Kí àpótí yìí tó dé, bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe é. Èmi náà bu tèmi. Mo bù ú fún ọkùnrin tó dáná sun ilé wa."

"Ṣé ó dùn mọ́ yín nínú?" ni Ọ̀ṣúntúyì bi í.

"Kò dùn. Kò dùn títí di òní." Ó jókòó. "Ṣùgbọ́n mi ò sun ilé tirẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn àpótí nìkan ló ń dún. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa òdòdó. Oòrùn ti bọ́ sí ojú fèrèsé ìsàlẹ̀, ó pọ́n, ó tàn sí ẹsẹ̀ àga ìyá mi. Sówándé ti wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà, kò wò mí mọ́. Iná inú àwo ń ṣẹ́jú kíákíá.

"...nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ohùn náà ń wí, "ẹ di ara yín mú. Fẹ́hìntọlá, Àṣàbí mi, ṣé o..."

Ó dúró níbẹ̀.

Mo retí ìyókù. Ara mi kò tètè gbà pé kò sí ìyókù. Iná inú àwo ti kú, àpótí ti di àpótí. Mi ò ní mọ ohun tó fẹ́ bi mí. Bóyá kò fẹ́ bi mí ní nǹkan kan, ẹ̀rọ ni. Mo jókòó lé ọwọ́ mi, omi ń ṣàn lójú mi, mi ò nù ún.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ó ti mọ́ wọn lára pé ohùn kan ni yóò ní kí wọ́n dìde, wọ́n sì ń dúró dè é. Ládéjọbí ṣì wà lórí ìdúró. Mo gbọ́ ìmí rẹ̀. Mo gbọ́ ìmí gbogbo wa. Ní òde, àwọn àwọ̀n tó wà lórí òkè bẹ̀rẹ̀ sí dún bí wọ́n ṣe máa ń dún nígbà tí atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ bá wọ inú wọn.

Ọ̀ṣúntúyì dìde.

Ìpàdó dìde pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo wọn, ìjókòó ń dún gbà-gbà-gbà. Kò wò wọ́n. Ó rìn lọ sí ẹnu-ọ̀nà, ó dúró níbi tí tíréè àti ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa. A kò rí ọwọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Sówándé ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo fẹ́ ní kó dákẹ́, mi ò lè la ẹnu.

"Omi yín ti òní kù ife kan," ni ẹ̀rọ náà wí.

Mo gbọ́ omi nínú ife.

Ó padà. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, kí omi má baà dànù. Ó kọjá lára mi, ó kọjá lára àga ìyá mi, ó dúró níwájú Ládéjọbí. Ládéjọbí na ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀ṣúntúyì kò gbé e fún un. Ó mú ife náà dání, ó ń wo inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó gbé e sókè, ó sì kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ kàn án.